Ẹni Tó Gbé Ilẹ̀kùn Ló Gbé Ilé

Moyọ̀sọ́rẹ ọmọ mi,

Mi ò ní béèrè bóyá ara rẹ le. Mo rí àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ìwọ àti àwọn ọ̀gá rẹ tuntun, tí gbogbo yín ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ara rẹ le. Èmi náà ṣì ń mí, bí ó bá kàn ọ́. O kú oríire iṣẹ́ tuntun. Mo ní kí n tètè sọ ìyẹn, nítorí bí o bá kà dé ìsàlẹ̀, o lè má fẹ́ gbọ́ oríire kankan lẹ́nu mi mọ́.

O ní kí n gbàdúrà fún ọ. Mo ti gbà á. O tún ní kí n fún ọ ní ìmọ̀ràn tí wàá mú dání lọ, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ àti gẹ́gẹ́ bí tíṣà tó kọ́kọ́ jẹ́ kí o fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ó dára. Bí mo bá ní kí n sọ ọ́ lórí fóònù, wàá ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo wà nínú ìpàdé." Lẹ́tà kò mọ ìpàdé. Gbé fóònù yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí o jókòó. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo máa kọ irú èyí sí ọ láyé mi, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀.

Èkíní. Má ṣe gbé ohun tó ju ọ̀fun rẹ lọ mì. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Àkúrẹ́ níbi tí wọ́n ti ń to èsì ìdánwò àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ọ̀gá mi gbé fáìlì ńlá kan fún mi. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo ní kí kọ̀ǹpútà ka gbogbo rẹ̀ sínú mẹ́mọ́rì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ká apá mọ́yà, mò ń retí ìyìn. Ẹ̀rọ náà pariwo, ó gbóná, ó dákẹ́ pátápátá. Ọ̀gá mi wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, "Ìwọ ọmọ Ìlàjẹ yìí, ṣé gbogbo òkun lẹ máa ń gbé sínú ọkọ̀ kí ẹ tó ṣa ẹja ni?" Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán.

Òótọ́ ló sọ. Àwọ̀n là ń fà, díẹ̀díẹ̀, à ń ṣa ẹja bó ṣe ń wọlé, èyí tí kò wúlò ń padà sómi, ọkọ̀ kò sì ní rì. Bó ṣe yẹ kí fáìlì máa wọlé nìyẹn. Ègé kan dé. Ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ kéékèèké tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń pè ní fọ́ńṣọ̀n gbà á, ó ṣe tirẹ̀ lára rẹ̀, ó nà án sí èkejì, ó gbàgbé rẹ̀. Èkejì kò béèrè ibi tó ti wá. Èkíní kò bìkítà ibi tó ń lọ. Kò sí èyí tó ń fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Fáìlì ìbáà tóbi tó ilé alájà, ẹ̀rọ kékeré á kà á tán láìlàágùn. Ìwọ lo wá fi ọ̀nà yìí hàn mí nígbà tí o parí yunifásítì, inú mi sì dùn débi pé mò ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe létí omi. Wọ́n ní, "Tíṣà ti tún bẹ̀rẹ̀ o." Mo bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Mo ní ọmọ mi ló kọ́ mi.

Èkejì. Má di orí ìṣàn mú; ìṣàn ni mo ń pe àwọn ègé fáìlì tó ń wọlé tó ń kọjá bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe yìí gbà mí lákòókò gan-an kí n tó rí i. Mo ti kọ́ bí a ṣe ń kà á ní díẹ̀díẹ̀, mo rò pé mo ti gbọ́n, ṣùgbọ́n mo sọ ìbẹ̀rẹ̀ ìṣàn náà lórúkọ kí ẹ̀rọ lè máa rántí rẹ̀, nítorí mo fẹ́ tún un lò nígbà tó bá parí. Nígbà tí mo ṣì di ìbẹ̀rẹ̀ mú, kí ni ẹ̀rọ lè jù sílẹ̀? Gbogbo ohun tó ṣàn kọjá dúró sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń wú, wọ́n ń wú, títí ẹ̀rọ fi tún dákẹ́. Nítorí náà, bí ọ̀gá kan bá ṣẹ̀ ọ́ níbi iṣẹ́ tuntun, jẹ́ kó kọjá. Bí ẹlẹgbẹ́ rẹ bá sọ ọ̀rọ̀ kòbákùngbé sí ọ, jẹ́ kó ṣàn lọ. Má ṣe di ọ̀rọ̀ àná mú títí yóò fi kún inú rẹ. Ìmọ̀ràn yìí kò kan èmi o. Èmi ti dàgbà, mo lè di ohun tó bá wù mí mú.

Ẹ̀kẹta ni mo tìtorí rẹ̀ jókòó sídìí lẹ́tà yìí. Ohun tí o bá jù nù, jẹ́ kó ní ibi tó ń lọ, níbi tí ojú ènìyàn yóò ti rí i.

Ní ọ́fíìsì Àkúrẹ́ yẹn kan náà, prógíráàmù mi máa ń pàdé ọmọ tí nǹkan kan kù nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Mo ní kó fò ó, kó máa lọ. Kò sí ìkìlọ̀, kò sí ariwo. Ọjọ́ kan ni bàbá kan wọlé láti Òkìtìpupa, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ tó wọ yunifọ́ọ̀mù. Ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, ọmọ mi jókòó ṣe ìdánwò yìí. Tíṣà rẹ̀ rí i. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí i. Báwo ni ẹ̀yin kò ṣe rí i?" Ọ̀gá mi yíjú sí mi. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Dá a lóhùn." Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọmọbìnrin yẹn àti bàbá rẹ̀, mo sì kọ ìwé lọ́jọ́ náà gan-an pé èmi ni mo ju ọmọ náà nù, pé kì í ṣe òun ni kò ṣe ìdánwò. Mi ò kú. Wọn ò lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé ojú kan péré ni.

Mo kọ́ ọ ní èyí. Má sọ pé mi ò kọ́ ọ. Lórí kọ̀ǹpútà àlòkù tó wà ní yàrá mi nígbà náà, tí jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ilé, mo ní kí o máa fi àwọn tí o bá yọ sílẹ̀ sínú fáìlì tiwọn, kí o sì máa kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. O ní, "Bàbá, ìyẹn ń fi àkókò ṣòfò." Mo ní fi ṣòfò. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ìwọ, mo kọ́ ọ. Kí ni kí n wá máa wí fún ayé báyìí?

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá sọ ọ́.

O mọ bí òkun ṣe ń lé wa. Láti kékeré mi, bí omi bá ti fẹ́ wọlé, a ó tú pákó ilé, a ó rù ú sẹ́yìn, a ó tún un kàn. Ohun kan ṣoṣo tí a kì í fi sílẹ̀ fún òkun ni ilẹ̀kùn. Pákó lè bá omi lọ, páànù lè bá ìjì lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kì í bá òkun lọ. Igi tó dára jù nínú ilé la fi ń ṣe é, bàbá ló sì ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Bí ìdílé bá pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, ibi tí ilẹ̀kùn bá lọ ni ilé lọ. Ẹni tó gbé ilẹ̀kùn ló gbé ilé. Bí a ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, kò sì sí ọmọ àdúgbò wa tí kò mọ̀ ọ́n.

Ìwọ mọ̀ ọ́n jù. Jẹ́ kí n rán ọ létí ẹ̀gbọ́n mi, Màmá Àgbà rẹ, bóyá ìṣàn ti gbé e kúrò lọ́kàn rẹ. Nígbà tí ìyá rẹ kú tí èmi ń ṣe tíṣà ní Òkìtìpupa, òun ló gbà ọ́ sọ́wọ́. Ẹja tó yan, tó gbé lọ tà ní Ìgbókọ̀dá, ló fi rán ọ nílé-ìwé. Ọdún tí omi wọ ilé ọkọ rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, mo débẹ̀ bá yín. Ilẹ̀kùn wà lórí rẹ̀, ìwọ ń tẹ̀lé e lẹ́yìn pẹ̀lú agolo mílíìkì tí ìṣó kún inú rẹ̀, ò ń fi í ṣe ṣẹ́kẹ́rẹ́, ò ń kọrin. Mo ní kí n bá a gbé e. Ó ní, "Kúrò níbẹ̀. Ilé mi ni mo rù."

Nígbà tí ìjọba wá ní àwọn yóò kọ́ ilé fún wa lórí ilẹ̀ gbígbẹ, àwọn tó ń ka ilé bẹ̀rẹ̀ láti etí òkun. Bí wọ́n bá ti kọ orúkọ olórí ilé, wọ́n á fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn. Ọjọ́ tí wọ́n dé ilé Màmá Àgbà, ó wà nídìí ẹja yíyan. Dìran, àbúrò olóògbé ọkọ rẹ̀, tó ń gbé yàrá iwájú, ló jáde sí wọn, orúkọ Dìran ni wọ́n sì kọ. Kò burú, ilé kan náà ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kà dé ẹ̀yìn ìlú, òkun ti gba ilé yẹn. Dìran kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Ìgbókọ̀dá, ó ní òun ti ṣe tán pẹ̀lú omi. Màmá Àgbà gbé ilẹ̀kùn, ó kan ilé pákó sí ẹ̀yìn ìlú. Àwọn tó ń kà débẹ̀, wọ́n rí nọ́ńbà lára ilẹ̀kùn, wọ́n rò pé àwọn ẹgbẹ́ wọn ló ti kọ ọ́ síbẹ̀, wọ́n da nọ́ńbà yẹn kọ, wọ́n fi orúkọ Màmá Àgbà sí i. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún gbogbo àwọn tó gbé ilẹ̀kùn sá fún omi lásìkò yẹn. Nọ́ńbà kan, àdúgbò méjì, olórí ilé méjì.

Fáìlì tí wọ́n to àwọn ilé tí wọ́n kà sí tóbi, nítorí gbogbo etí òkun wa ló wà nínú rẹ̀, ìlú nínú ìlú, àdúgbò nínú ìlú, ilé nínú àdúgbò, ènìyàn nínú ilé, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì ìṣí tirẹ̀ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti àmì ìtì níbi tó parí sí. Iléeṣẹ́ tí o wà nígbà náà ló gba iṣẹ́ yíyọ orúkọ àwọn tí yóò gba ilé jáde nínú rẹ̀, ìwọ ni wọ́n sì fi sídìí rẹ̀. Inú ìlú dùn! Wọ́n ní ọmọ wa ló wà níbẹ̀. Èmi alára ń yan kiri bí ẹni tó joyè.

O fi kóòdù ránṣẹ́ sí mi pé kí n wò ó. Mo wò ó. Ó dára lójú, mi ò ní parọ́. Ó ń ka ègé kan, ó ń gbàgbé ègé kan, bí mo ṣe fẹ́ gan-an. Ó gbé àpò kékeré kan dání láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun tó sì ń kó sínú àpò náà ni nọ́ńbà ilẹ̀kùn tó ti rí. Bí nọ́ńbà kan bá tún dé, tó bá ti wà nínú àpò, kó jù ú nù. Ìlà kan ṣoṣo ni. Kò gbé e lọ síbì kankan. Kò béèrè àdúgbò tó ti wá, nítorí o ti jẹ́ kó gbàgbé àdúgbò kí ó tó dé ibẹ̀. Mo ka ìlà yẹn, mo kọjá lórí rẹ̀, mo ní, "Moyọ̀ ti ṣe é." Mi ò mọ̀ nígbà náà pé nọ́ńbà rìn. Mo rò pé nọ́ńbà dúró síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Ìgbà tí wọ́n pe orúkọ àwọn tó gba ilé ni a mọ̀. Wọ́n pe Dìran. Wọn ò pe Màmá Àgbà. Wọn ò pe ẹnikẹ́ni tó gbé ilẹ̀kùn. Ilé tó wà nínú omi, ilé tí ẹja ń wọ̀ tó ń jáde, òun ni prógíráàmù rẹ mú. Èyí tó dúró, tí ènìyàn ń dáná nínú rẹ̀, òun ló jù nù. Mo wọ ọkọ̀ ẹ̀ńjìnnì lọ bá Dìran ní Ìgbókọ̀dá. Mo ní, "Dìran, o mọ̀ pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ló ni ilé tí wọ́n pín fún ọ yìí. Òun ló gbé ilẹ̀kùn." Ó ń jẹ púpurú rẹ̀, kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. Ó ní, "Tíṣà, orúkọ mi ni kọ̀ǹpútà pè. Ṣé ẹ fẹ́ bá kọ̀ǹpútà jà ni? Kọ̀ǹpútà ọmọ yín sì ni." Ó ti fi àgádágodo sí ẹnu ọ̀nà ilé tuntun náà. Ẹnikẹ́ni kò gbé inú rẹ̀. Koríko ti hù dé ojú fèrèsé.

Mo pè ọ́. Ṣé o rántí ohun tí o sọ? Èmi rántí. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé. Ẹni tó kó o kò jẹ́ gbàgbé. O ní, "Bàbá, kóòdù náà tọ̀nà. Dátà ló dọ̀tí." Mo ní ta ni dátà?  Mo ní bí àlejò láti ìlú mìíràn bá kọ kóòdù yìí, mi ò ní bínú sí i, kò mọ àṣà wa. Ìwọ tí o ru ìṣó! O ní iṣẹ́ náà ti kọjá, ilé-iṣẹ́ ti gba owó wọn, o ti kúrò níbẹ̀.

Mo lọ sí Àkúrẹ́, sí ọ́fíìsì tó ń pín ilé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló dá mi lóhùn, ọmọlúàbí ni, ó fún mi ní ìjókòó. Ó ní, "Bàbá, mo gbọ́ yín yé. Ṣùgbọ́n a ò lè fọwọ́ kan àbájáde tí ẹ̀rọ gbé jáde nítorí ẹnu ènìyàn kan. Ẹni tó kọ prógíráàmù náà ni kó kọ̀wé sí wa pé ó ju àwọn kan nù, kó sì bu ọwọ́ lù ú. Bí ìwé yẹn bá dé, a ó tún un pín. Bí kò bá dé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ilé tó kù yóò lọ fún ìlú mìíràn." Mo tún pè ọ́. O ní, "Bàbá, bí mo bá kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ báyìí, àwọn tó fẹ́ gbà mí síṣẹ́ á ní mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ jẹ́ kí n wọlé ná, kí n fìdí múlẹ̀." Fìdí múlẹ̀ níbo, Moyọ̀? Àwa ńkọ́, ibo ni ká fìdí wa lé?

Ìgbà tí o wá fi àwòrán àsọyé rẹ ránṣẹ́ ni inú mi bàjẹ́ tán pátápátá. O ní àsọyé yẹn ni àwọn ọ̀gá tuntun wọ̀nyí gbọ́ tí wọ́n fi fẹ́ ọ. O dúró níwájú èrò, o ń ṣàlàyé bí prógíráàmù rẹ ṣe ka fáìlì tó ju mẹ́mọ́rì ẹ̀rọ lọ, tí kò kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ àwòrán náà títí mo fi rí ohun tó wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ. "A yọ àwọn àdàkọ kúrò." Mo kà á, mo tún un kà. Àdàkọ! Màmá Àgbà ni àdàkọ. Ìyá tó pọ̀n ọ́ nígbà tí ìgbóná mú ọ, tó fẹsẹ̀ wọ́ ẹrẹ̀ dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, òun ni o yọ kúrò, tí èrò sì pàtẹ́wọ́ fún ọ. Wọ́n ní a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ìwọ kò tilẹ̀ júwe rẹ̀. O pa á rẹ́.

Mo ti gbàgbé iye ìmọ̀ràn tí mo kà dé. Ká sọ pé èyí ni ẹ̀kẹrin.

O fẹ́ràn láti máa sọ fún mi pé fọ́ńṣọ̀n tó mọ́ kì í fọwọ́ kan ohunkóhun lóde ara rẹ̀: ohun kan wọlé, ohun kan jáde, ó parí. Ó dára bẹ́ẹ̀ nínú kóòdù, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ kì í ṣe fọ́ńṣọ̀n. Ọmọ ènìyàn ni ọ́. Ohun tó bá jáde lọ́wọ́ rẹ, ó ń bọ́ sórí ẹnì kan. Níbi iṣẹ́ tuntun yìí, wọn yóò gbé fáìlì tó jù báyìí lọ fún ọ, ti ilé ìwòsàn, ti ọ̀nà, ti àwọn tí o kò ní rí láé. Kí o tó yan ohun tí wàá fi mọ ẹnì kan yàtọ̀ sí ẹlòmíràn, lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ń mọ ara wọn. Bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, tètè jẹ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó ṣì kéré. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà mi ni mo ń fún ọ yìí, kí o má bàa fa aṣọ tìrẹ ya.

Mo ti tún kóòdù náà ṣe. Má bínú, mi ò tọrọ àyè. Mo jẹ́ kó rántí àdúgbò títí yóò fi rí àmì ìtì rẹ̀. Mo pa nọ́ńbà àti àdúgbò àti orúkọ pọ̀ kó tó sọ pé ó mọ ẹnikẹ́ni. Ìṣàn náà sì pín sí méjì báyìí, ọ̀kan fún àwọn tí ẹ̀rọ gbà, ọ̀kan fún àwọn tó ń ṣiyèméjì nípa wọn. Mo fi ẹ̀dà fáìlì tí o fún mi wò ó. Ẹ̀rọ àtijọ́ mi kà á tán láìkọsẹ̀. Nínú ìṣàn kejì, mo rí gbogbo wọn, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, gbogbo àwọn aládùúgbò wa tó gbé ilẹ̀kùn, bí ìgbà tí wọ́n tò wá kí mi. Mo sunkún, mi ò fi pamọ́. Mo tún kọ ìwé sí ọ́fíìsì Àkúrẹ́ fún ọ; ó wà nínú àpò ìwé yìí. Ìbuwọ́lù rẹ ló kù. Mo mọ bí o ṣe ń bu ọwọ́ lùwé, èmi ni mo kọ́ ọ, ṣùgbọ́n mi ò ní bá ọ bù ú. Bí o kò bá lè fi orúkọ ara rẹ sábẹ́ ohun tí ọwọ́ rẹ ṣe, má fi sábẹ́ ohunkóhun mọ́.

Ẹja yíyan tó wà nínú páálí, Màmá Àgbà ló dì í fún ọ. Mi ò sọ fún un pé kó di nǹkan kan. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ṣé Moyọ̀ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé yìí?" Mo ní o ti gbọ́. Ó ní, "Kí ló wá sọ?" Mo wo ilẹ̀. Mo ní ọwọ́ rẹ dí. Ó ní, "Ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ jù. Má yọ ọ́ lẹ́nu, kó má lọ rù nílẹ̀ onílẹ̀." Ohun tó sọ nìyẹn. Mi ò mọ ohun tó lè dun ènìyàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé bíríkì tí mo fi owó ìfẹ̀yìntì kọ́ kò rìn rí, nọ́ńbà rẹ̀ kò rìn, nítorí náà prógíráàmù rẹ rí mi kedere. Wọ́n fún mi ní ilé lórí ilẹ̀ gbígbẹ, yàrá méjì àti ilé ìdáná. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ fún Màmá Àgbà.

Ó ní, "Kí ni kí n fi ṣe?"

Mo ní, "Ẹ máa gbé ibẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣebí òkun ti gba ilé bíríkì tìrẹ náà?"

"Èmi fẹ́ gbé ilé pákó yín. Atẹ́gùn òkun ń bá mi lára mu."

"Irọ́ lò ń pa. Láti kékeré ni imú rẹ ti máa ń wú bí o bá ń parọ́." Ó kọ̀, ó kọ̀, a jà dé ojú omi, àwọn ènìyàn wá là wá. Mo ní bí kò bá lọ, èmi náà kò ní lọ, kí àwa méjèèjì jọ jókòó de omi. Ìgbà náà ló gbà. Ó kó ìkòkò rẹ̀ lọ, ó ń bú mi lọ.

Nítorí náà, Moyọ̀, inú ilé pákó yẹn ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Omi ti wà lábẹ́ pákó tí mo gbé ẹsẹ̀ lé, mo ń gbọ́ ọ. Àwọn aládùúgbò ní òjò kò ní pẹ́ dé mọ́. Mi ò ní padà lọ sórí ilẹ̀ gbígbẹ títí ìwé rẹ yóò fi dé Àkúrẹ́, mi ò sì ní bẹ̀ ọ́ mọ́ lẹ́yìn èyí. Bí òkun bá gba ilé yìí kí o tó bu ọwọ́ lùwé, má rò pé ẹnikẹ́ni yóò wá mi. Wọn yóò wo àbájáde rẹ, wọn yóò rí orúkọ mi níbẹ̀, wọn yóò ní Tíṣà ti wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ọkàn wọn yóò sì balẹ̀.

Èmi bàbá rẹ.